"Èmi" Di "Àwa": Ẹ̀kọ́ Láti Inú Sinimá Kan

Ẹ̀yin ará, ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé sinimá ni a mú wá fún ẹ̀kọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àní sinimá àwọn alágbára tí ń fò lójú sánmà. Àwa náà kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan àwa tí a fi ilé sílẹ̀, tí a wá bá ara wa pàdé ní ìlú onílùú, láìjẹ́ pé a yan ara wa.

Orúkọ rẹ̀ ni Guardians of the Galaxy, èyíinì ni Àwọn Olùṣọ́ Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀. Ilé-iṣẹ́ Marvel ti Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, James Gunn ni ó sì darí rẹ̀. Inú ìwé alàwòrán ni àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ti wá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Groot láti 1960, Drax láti 1973, Gamora láti 1975, Star-Lord àti Rocket láti 1976. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti wà láti 1969, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ni ó ń jẹ́ ẹ nígbà náà. Àní Groot tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn lónìí, ọ̀tá tí ó wá gbógun ti ọmọ aráyé ni nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ta ni ìbá rò pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ yóò tà? Síbẹ̀ ó pa ju 770 mílíọ̀nù dọ́là lọ káàkiri ayé.

Márùn-ún ni wọ́n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí oníṣòwò kan jẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Peter Quill, tí ó pe ara rẹ̀ ní Star-Lord, olè ni. Ọmọdé ni ní 1988 nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ ní ilé ìwòsàn. Ìyá na ọwọ́ sí i, ẹ̀rù ba ọmọ, kò gbà á mú, ìyá sì kú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́ṣà ojú sánmà jí i gbé lọ, òun pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì orin tí ìyá rẹ̀ kó jọ fún un. Ní ti Gamora, Thanos pa àwọn òbí rẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì tọ́ ọ dàgbà láti máa pa ènìyàn. Ronan pa aya Drax àti ọmọbìnrin rẹ̀, ẹ̀san nìkan ni ó sì kù tí ó ń rò. Àwọn ènìyàn Drax kò mọ òwe rárá. (Bí a bá sọ fún un pé òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, yóò béèrè ibi tí a so ẹṣin náà mọ́.) Rocket jẹ́ ẹranko kékeré tí àwọn kan gé, tí wọ́n sì tún tò, títí ó fi ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń rọ ìbọn, ẹni tí ó bá pè é ní ẹranko, ìjà dé. Groot ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ igi tí ń rìn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sì lè sọ, pé òun ni Groot.

Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó kó wọn jọ, ọlọ́pàá ni. Gamora fẹ́ gba ohun róbótó kan lọ́wọ́ Quill, èyí tí òkúta agbára ńlá wà nínú rẹ̀. Rocket àti Groot fẹ́ mú Quill nítorí 40,000 owó tí a fi lé e lórí. Wọ́n ń jà ní gbangba ìlú Xandar ni a bá kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí túbú, níbi tí Drax ti wà ṣáájú. Nígbà tí wọ́n sì jọ sá jáde, owó bílíọ̀nù mẹ́rin ni ó wà lọ́kàn àwọn kan, ẹ̀san ni ó wà lọ́kàn Drax. Àwa kò bú wọn fún èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yàrá àyágbé kan náà kọ́kọ́ so pọ̀ mọ́ ẹni tí ó wá dà bí ọmọ ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi tí ó kàn yìí. Drax mutí yó. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó ránṣẹ́ pe Ronan pé kí ó wá bá òun jà. Ronan dé, ó na Drax bí ẹni na ọmọdé, ó sì gba ohun tí ó lè fi pa odidi ìlú run. Wọ́n fọ́ ọkọ̀ Gamora. Òun fúnra rẹ̀ ń kú lọ nínú òtútù ojú sánmà, àfi ìgbà tí Quill jáde lọ bá a, tí ó yọ ìbòjú tí òun fi ń mí, tí ó sì fi bò ó lójú.

Kí ni kí a ṣe sí Drax? Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní àjò, ọ̀nà méjì ni a mọ̀. Bí akápò bá fi owó ẹgbẹ́ ṣòwò tí owó náà sì wọmi, àwọn kan a ní kí a bò ó mọ́lẹ̀ kí àwọn onílùú má baà gbọ́. Àwọn kan a ní kí a lé e, kí a sì kọ̀wé sí ilé. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe èkíní, wọn kò sì ṣe èkejì. Groot kọ́kọ́ fa Drax jáde kúrò nínú ohun tí ìbá mu ún kú, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi mí. Lẹ́yìn náà ni Rocket bá a wí lójú ara rẹ̀: ó ní kò sí ẹni tí kò ní òkú tirẹ̀, ìyẹn kò sì fún ènìyàn láyè láti pa àwọn tí ó kù. Drax kò jiyàn. Ó jẹ́wọ́ pé ìbínú òun ni òun fi ń bo ọ̀fọ̀ òun. A sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà síta, a kò sì gba ìjókòó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Quill bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ dí Ronan lọ́nà, bí ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí gbogbo wọn kú, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Rocket ni ó gbẹ̀yìn, ó sì ń kùn bí ó ti ń dìde. Kíkùn náà dùn mọ́ wa. A ti jókòó ní ìpàdé púpọ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti gbà tí ẹnikẹ́ni kò sì dìde.

A ní ẹ̀sùn sí sinimá náà. Àwọn awakọ̀ ogun Xandar so ọkọ̀ wọn pọ̀ bí àwọ̀n láti dá ọkọ̀ ńlá Ronan dúró, Ronan sì run wọ́n. A kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀fọ̀ wọn rárá kí àwàdà tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlùfààṣá pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má ṣe fi àwọn ọmọ kéékèèké jókòó sí iwájú rẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, ọkọ̀ ńlá náà ń já bọ̀, àwọn márùn-ún sì wà nínú rẹ̀. Groot na ẹ̀ka rẹ̀, ó yí wọn ká bí ìtẹ́ ẹyẹ. Rocket ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé yóò kú. Igi náà fi gbólóhùn rẹ̀ àtijọ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ó yí ọ̀rọ̀ kan padà: ibi tí ó ti máa ń wí pé "èmi", ó wí pé "àwa". Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn yòókù yè. Lẹ́yìn èyí Quill gbá òkúta náà mú, òkúta tí a ti rí i pé ó jó ọmọ-ọ̀dọ̀ kan tí ó fọwọ́ kàn án. Bí ó ti ń jó o, Gamora na ọwọ́ sí i. Quill sì rí ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí òun kò gbà mú ní 1988. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbà á. Drax dì mọ́ wọn, Rocket dì mọ́ Drax, agbára tí ìbá pa ẹnì kan sì di ẹrù tí ẹni mẹ́rin jọ rù.

Rocket ṣa ẹ̀ka kan nínú èyí tí ó fọ́, ó gbìn ín sínú ìkòkò kékeré. Kí sinimá tó parí, ó ti rú, ó ti ní ojú, ó sì ń jó sí orin. (James Gunn fúnra rẹ̀ ni ó jó ijó náà kí àwọn ayàwòrán tó fara wé e.) Drax jókòó nítòsí, ó ń nu ọ̀bẹ rẹ̀. Bí ó bá ti yíjú, igi kékeré náà a dúró gbagidi. Bí ó bá gbójú kúrò, ijó a tún bẹ̀rẹ̀.