Àtúnṣe Páǹpù Ìfínkòkó



Ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ léraléra ni àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú máa ń tàn kálẹ̀. Oògùn bàbà ni a fi ń dènà rẹ̀, a sì ní láti máa tún un fín ní bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Bí páǹpù bá dákẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àrùn kò ní dúró de àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ páǹpù tí a ti jù sẹ́yìn ilé ni kò tíì kú: wásà kan ni ó jẹ, tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ ni ó há sí i.

Bí páǹpù àpọ̀nsẹ́yìn ti ń ṣiṣẹ́

Wásà ni ó yí písítìnì ká, kí oògùn má baà sá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fáàfù àkọ́kọ́ ń gba oògùn wọlé láti inú táńkì. Fáàfù kejì ń jẹ́ kí ó kọjá sínú ìkòkò afẹ́fẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó padà. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ìkòkò yìí ni ó ń ti oògùn jáde láìdáwọ́ dúró.

Ẹ mọ ohun tí ó ṣe é

Ẹ fọ páǹpù, ẹ bu omi mímọ́ sí i, kí ẹ sì dán an wò.

1. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fúyẹ́ tí kò sì lágbára, wásà ti gbẹ tàbí ó ti jẹ, tàbí kí ìdọ̀tí wà lábẹ́ fáàfù àkọ́kọ́.
2. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ dáwọ́ dúró, fáàfù kejì ni kò pa dé dáadáa.
3. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá le ṣùgbọ́n tí omi kò jáde tó, asẹ́ tàbí imú ọ̀pá ìfín ni ó dí.

Bí ẹ ó ti tún un ṣe

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ṣí ẹnu ọ̀pá ìfín títí agbára inú rẹ̀ yóò fi tán, kí oògùn má baà ta sí yín lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ to ohun tí ẹ bá tú sórí aṣọ mímọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

Wásà: Bí ó bá jẹ́ awọ tí ó kàn gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú òróró mọ́jú, yóò rọ̀. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì kàn án, nítorí yóò wú, yóò sì bàjẹ́. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Èyí tí ó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Wásà tí ó dàbí ife gbọ́dọ̀ dojú kọ omi tí ó ń tì. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, páǹpù kò ní lágbára.

Fáàfù: Ẹ nu òun àti ibi tí ó jókòó lé. Ẹyọ iyanrìn kan tó láti dí i lọ́wọ́ pípa dé.

Imú ọ̀pá ìfín: Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí májèlé ni. Ẹ má ṣe fi wáyà gún un, nítorí ihò rẹ̀ yóò fẹ̀, oògùn yóò sì máa ṣòfò. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó.

Ìtọ́jú

Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, ẹ fi omi mímọ́ ṣan páǹpù ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì fín omi náà sínú oko kòkó, kì í ṣe sí odò tàbí ẹ̀bá kànga. Oògùn bàbà tí ó bá sùn sínú páǹpù yóò jẹ irin, yóò sì gbẹ mọ́ fáàfù.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó gbogbo páǹpù jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti dán wọn wò, kí wọ́n sì ra wásà àti fáàfù pamọ́. Ẹ mú ògbólógbòó wásà lọ sọ́jà kí ẹ fi wọn tuntun, nítorí ti páǹpù kan lè má bá òmíràn mu. Ojú ogun kọ́ ni a ti ń wá ọfà: páǹpù tí a tún ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò gba kòkó là nígbà òjò.