Ẹni Tó Fún Ni Ní Ìràwọ̀, Ẹlẹ́rìí Ni

 

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-kéú wa ni ó bí ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ lóṣù yìí. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àgbà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àjọ tí ìyá rẹ̀ dá fún odidi ọdún kan ni. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá bá àwa olùkọ́, ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n sanwó?" A wò ó. Ìràwọ̀ márùn-ún ni ó wà lábẹ́ orúkọ ọlọ́jà náà, àwọn tí wọ́n yìn ín sì lé ní ogójì. A ní kí ó sanwó, pé orúkọ ọkùnrin náà dára. Kọ̀ǹpútà dé, kò lè ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó kú, nọ́ńbà ọlọ́jà kò sì lọ mọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni a tó jókòó ka àwọn ìyìn náà dáadáa. Láàárín ọjọ́ méjì péré ni wọ́n kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, kò sì sí ẹnì kan tí ó dárúkọ ohun tí ó rà.

Ojú tì wá. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ẹ̀kọ́ ìwádìí, a ti fi ọwọ́ sí ohun tí a kò wádìí. Nítorí náà ni a ṣe ní kí á jọ yẹ máàkì àti ìràwọ̀ wọ̀nyí wò: ta ni ó ń fi wọ́n fún ni, kí ni wọ́n lè sọ fún wa, kí sì ni wọn kò lè sọ?

ÌKÍNNÍ: Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọjà tiwa, ìyá tí ó ń ta elùbọ́ ní ìsọ̀ kan náà láti ogún ọdún kò nílò ìràwọ̀. Bí ó bá po ohun mìíràn mọ́ elùbọ́ rẹ̀ lónìí, gbogbo àdúgbò yóò ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú tí ó mọ̀ wá ni ó ń ṣọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń tà bá wà ní ìlú kan, tí ẹni tí ó ń rà wà ní ìlú mìíràn, tí wọn kò sì ní fojú kan ara wọn láéláé, kí ni yóò dúró ní ipò ojú náà?

Ìṣòro yìí ni ó dé bá Pierre Omidyar, ẹni tí ó dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a wá mọ̀ sí eBay sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995. Ní ọdún 1996 ni wọ́n ṣí ibi tí olùrà àti olùtà ti lè jẹ́rìí síra wọn. Ẹ̀rí rere jẹ́ máàkì kan, ẹ̀rí tí kò gbè síbì kankan jẹ́ òdo, ẹ̀rí búburú sì ń yọ máàkì kan kúrò. Wọ́n a ṣírò gbogbo rẹ̀, wọ́n a kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ onítọ̀hún. Bí ó bá ti pé mẹ́wàá, wọ́n a fún un ní ìràwọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí wọ́n kó jọ kì í ṣe ìwà ẹni náà. Ẹ̀rí àwọn ènìyàn ni wọ́n kà ní oókan, tí wọ́n sì sọ di nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà sì ń mú owó wọlé. Paul Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní ọdún 2006. Wọ́n ní kí ọlọ́jà kan tí orúkọ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ lórí eBay ta àwọn káàdì ìkíni àtijọ́, kí ó sì tún fi orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ta irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ọjà kan náà, ọlọ́jà kan náà. Síbẹ̀ àwọn olùrà ṣetán láti san ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí fún orúkọ tí wọ́n ti mọ̀. Ohun tí ó bá ń mú owó wá báyìí, ẹ mọ̀ pé olè yóò wá a dé.

ÌKEJÌ: Nígbà tí ó jẹ́ ìmọ̀ ni à ń tà

Kì í ṣe ọjà nìkan ni wọ́n ń fi máàkì díwọ̀n. Ní ọdún 2008, Jeff Atwood àti Joel Spolsky dá Stack Overflow sílẹ̀, ibi tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Bí ènìyàn bá dáhùn ìbéèrè, tí ẹnì kan sì rí i pé ìdáhùn náà wúlò, olùdáhùn a gba máàkì 10. Bí olùbéèrè fúnra rẹ̀ bá ní èyí gan-an ni ó yanjú ọ̀rọ̀ òun, a gba 15. Bí ẹnì kan bá ní ìdáhùn náà kò dára, wọ́n a yọ 2. Èyí tí ó wù wá jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìdáhùn ẹlòmíràn yóò pàdánù máàkì kan nínú tirẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ìbáwí jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ènìyàn má baà máa sọ òkò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìronú.

Bí máàkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Ètò tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ní 125 lè sọ pé ìdáhùn kan kò dára. Ẹni tí ó bá ní 2,000 lè tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe láìdúró de àṣẹ. Ẹni tí ó bá ní 3,000 lè dá sí i bóyá kí wọ́n ti ìbéèrè kan pa. Èyí dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti pẹ́ ní ilé-kéú, kì í ṣe ẹni tí ó dé lánàá.

ÌKẸTA: Ibi tí ìwọ̀n náà ti ń yẹ̀

Ní àkọ́kọ́, ojú àánú àti ìbẹ̀rù. Resnick àti Richard Zeckhauser yẹ ẹ̀rí tí àwọn olùrà kọ lórí eBay ní ọdún 1999 wò, wọ́n rí i pé èyí tí ó jẹ́ rere nínú rẹ̀ lé ní 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé gbogbo ọjà ayé ni ó dára tó bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà náà, bí olùrà bá kọ ẹ̀rí búburú, olùtà lè gbẹ̀san kí ó kọ búburú padà fún un. Nítorí náà ọ̀pọ̀ a panu mọ́. Ní ọdún 2008 ni eBay yí òfin náà padà, tí olùtà kò fi lè kọ ẹ̀rí búburú nípa olùrà mọ́. Níbi tí ẹlẹ́rìí bá ti ń bẹ̀rù, ìyìn kò ní ìwọ̀n.

Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2013, Lev Muchnik, Sinan Aral àti Sean Taylor tẹ ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ sí ìkànnì ìròyìn kan, tí iye rẹ̀ jẹ́ 101,281. Wọ́n ṣa àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ náà láìwo ohun tí ó wà nínú wọn, wọ́n fún wọn ní máàkì rere kan péré. Nítorí ẹyọ kan yìí, ó di ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó fi ṣeé ṣe sí i kí ẹni tí ó tẹ̀lé e náà fún un ní rere, àròpọ̀ máàkì àwọn ọ̀rọ̀ náà sì fi ìdá 25 ga sí i nígbẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó wà níwájú ni à ń wò. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá tẹ̀lé ẹnì kan, ẹ̀rí ẹnì kan ni ó ṣì jẹ́.

Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí máàkì bá di ohun tí à ń lé. Ìkànnì kan wà tí ń jẹ́ Slashdot, tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà hàn nígbà kan nípa iyì oníkálukú. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ di eré ìdíje, àfi ìgbà tí wọ́n gbé nọ́ńbà náà pamọ́, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lásán bíi "ó dára" àti "kò dára" rọ́pò rẹ̀. Stack Overflow náà fi òdiwọ̀n sí i, pé ìbò àwọn ènìyàn kò lè fún ẹnì kan ní ju 200 lọ lóòjọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ChatGPT jáde ní òpin ọdún 2022, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdáhùn rẹ̀ wá síbẹ̀ ní wàrà-wàrà. Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún náà ni wọ́n fòfin dè é, nítorí pé àwọn ìdáhùn náà dùn ún kà, ṣùgbọ́n èyí tí kò tọ̀nà nínú wọn pọ̀ jù.

Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀rí tí a fowó rà. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ní ọdún 2024 ni àjọ tí ń rí sí òwò ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó de kíkọ, títà àti ríra ìyìn èké nípa ọjà.

ÌKẸRIN: Ohun tí àwọn onímọ̀ àdíìsì ti ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìmọ̀ àdíìsì díẹ̀ yóò ti máa rántí nǹkan kan. Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni àwọn aṣíwájú wa ti ń díwọ̀n orúkọ ènìyàn, nínú ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní al-Jarh wat-Ta'dīl. Ibn Hajar al-Asqalānī, tí ó kú ní ọdún 852 Hijra (1449), to àwọn tí wọ́n gba àdíìsì wá sí ipele méjìlá nínú ìwé rẹ̀ Taqrīb at-Tahdhīb.

Ṣùgbọ́n wọn kò kàn ka iye ẹni tí ó yin ènìyàn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wádìí: ṣé olódodo ni, ṣé ó sì mọ ohun tí ó gbọ́ há dáadáa? Ẹni tí ó ń gbààwẹ̀, tí ó ń kírun òru, bí iyè rẹ̀ kò bá pé, wọ́n a bọ̀wọ̀ fún un, wọn kò sì ní gba àdíìsì rẹ̀. Wọ́n tún ń béèrè pé ta ni ẹni tí ó jẹ́rìí náà, ṣé ó mọ̀ ọ́n, ṣé kò sí ìjà láàárín wọn, kí sì ni ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà kan ṣoṣo ti pò mọ́ ara wọn, wọ́n là á sọ́tọ̀.

ÌKARÙN-ÚN: Kí ni kí á ṣe?

Bí a bá fẹ́ lo ìràwọ̀ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí á wo ohun mẹ́ta. Ẹ wo ẹlẹ́rìí: ṣé ó ti kọ ẹ̀rí nípa nǹkan mìíràn rí, àbí òní ni wọ́n bí orúkọ rẹ̀? Ẹ wo ẹ̀rí: ṣé ó sọ ohun tí ó rà, ọjọ́ tí ó dé àti bí ó ṣe rí, àbí "ó dára gan-an" nìkan ni ó kọ? Ẹ wo ọjọ́: ṣé ó tàn ká oṣù púpọ̀, àbí ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ bí òjò? Ẹ sì máa ka àwọn tí wọ́n ráhùn ṣáájú àwọn tí wọ́n yìn, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí á má sì gbé orúkọ kúrò níbi tí wọ́n ti gbà á. Ẹni tí ó ní máàkì púpọ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò tíì di ẹni tí yóò wo aláìsàn, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀lé kò sì tíì di ẹni tí yóò dá fátíwà.

Ti fífún ni ìràwọ̀ ni ó ṣòro jù. Ní ọ̀sẹ̀ tí a pàdánù owó yẹn gan-an ni iṣẹ́ kan dé sórí fóònù wa. Arákùnrin wa kan ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí gbogbo wa lọ fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún. Àwọn kan nínú wa ti ṣe é kí a tó ronú, nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. A kò tíì ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kí ni ìyàtọ̀ àárín wa àti àwọn ogójì ènìyàn tí wọ́n mú kí akẹ́kọ̀ọ́ wa pàdánù owó ìyá rẹ̀? A padà lọ pa á rẹ́, a sì pe arákùnrin náà, a ní, "Ẹ má bínú, a ó wá rajà lọ́dọ̀ yín, ohun tí a bá rí ni a ó kọ." Inú rẹ̀ kò dùn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù méjì tí a rajà, a kọ ìràwọ̀ mẹ́rin, a sì sọ ìdí tí a fi yọ ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dúpẹ́, nítorí pé ó tún ohun tí a sọ náà ṣe.

Ẹ̀rí èké jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ìka tí a fi tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kò sọ ọ́ di kékeré. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwa olùkọ́ ti ń dá owó náà padà fún un díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa ni ó gbẹ́kẹ̀lé. Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn tí ẹ̀rí wọn jẹ́ òdodo. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ Ọ̀SẸ̀

1. Kí ni ìyàtọ̀ àárín orúkọ rere ní ọjà àdúgbò yín àti iye máàkì tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì?
2. Kí ni ó fà á tí máàkì rere kan péré fi lè mú kí àwọn mìíràn yin ohun kan náà?
3. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá bẹ̀ ọ́ fún ìràwọ̀ lórí ohun tí o kò rà, kí ni ìwọ yóò sọ fún un tí kò fi ní ba ìfẹ́ jẹ́?
4. Ẹ yan ọlọ́jà kan lórí fóònù yín, kí ẹ ka ẹ̀rí mẹ́wàá nípa rẹ̀. Mélòó nínú wọn ni ó sọ ohun tí ẹlẹ́rìí rí?