Ẹran Ọdún Tí Kò Ní Egungun

Ẹ̀kọ́ ìdáná fún ìpàdé ẹgbẹ́, ní ìmúrasílẹ̀ fún ọdún Kérésìmesì

Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:8–16, Òwe 15:17, Róòmù 14:1–6

Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè fi ẹ̀wà sóyà ṣe oúnjẹ ọdún tí a lè gbé kalẹ̀ ní ipò ẹran, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sídìí tábìlì ọdún bí àlejò.

ÌFÁÀRÀ

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìbéèrè kan náà ni ó ń wà lẹ́nu gbogbo wa: kí ni a ó pa lọ́dún yìí? Ẹni tó lágbára á dá màlúù pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ẹni tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n á ra àkùkọ kan. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò rí kankan rà, síbẹ̀ wọ́n á yá owó, nítorí wọn kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀. Nígbà tí iléèwé bá wọlé ní oṣù Kíní, ni olówó á wá kan ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni ó gbé mi dé ìdí ẹ̀kọ́ yìí. Ọdún díẹ̀ kí bàbá àwọn ọmọ mi tó sùn nínú Olúwa, dókítà sọ fún wọn pé kí wọ́n jìnnà sí ẹran pupa, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn oríkèé tí í mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn wú. Kérésìmesì dé, a pa ewúrẹ́. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ pé jọ. Mo bu ìrẹsì fún olúkúlùkù, mo gbé ẹran lé e. Nígbà tí ó kan bàbá, mo fi ẹyin sísè kan lé ìrẹsì tiwọn. Wọ́n wo àwo náà, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ó dà bíi pé èmi ni àlejò nínú ilé yìí lónìí." Wọ́n jẹ ṣíbí mẹ́ta, wọ́n ní oorun ń kun àwọn, wọ́n wọ yàrá lọ. Wọn kò bínú. Àìbínú wọn yẹn gan-an ni ó dùn mí jù.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìdáná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo bi ara mi pé, ṣé gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn kò lè bọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ní ọjọ́ ọdún?

KÌ Í ṢE OHUN ÀJÈJÌ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àṣà òyìnbó ni oúnjẹ ọdún tí kò ní ẹran. Àwọn Àgùdà Èkó, àwọn tí àwọn baba ńlá wọn padà wá láti Brazil, ń jẹ fíréjọ̀n ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹ̀wà àti omi àgbọn ni wọ́n fi ń sè é, ẹja ni wọ́n sì ń fi jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹran. Àwa náà mọ ẹ̀kuru, a mọ ọ̀ọ̀lẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní mọ́ínmọ́ín, a mọ olú tí a ń sè bí ẹran ní ìgbà òjò.

A tún mọ wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní ti ń ru ú wá sí ọjà wa láti ìgbà pípẹ́. Wàrà màlúù ni tiwọn, omi ewé bọmubọmu ni wọ́n sì fi ń mú un dì. Wàrà sóyà kò jìnnà sí èyí: wàrà tí a fún láti inú ẹ̀wà ni a mú dì dípò ti màlúù. Ní Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí bẹ́sìkẹ́, wọ́n sì ń dín in tà lójú ọ̀nà. Ní ilẹ̀ China, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀.

Ọdún 1908 ni a kọ́kọ́ gbin sóyà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ó gbilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Benue. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín láti tà ni, ọ̀pọ̀ ilé kò mọ bí a ti ń jẹ ẹ́. Láti ọdún 1987 ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń pè ní IITA ní Ìbàdàn ti gbé iṣẹ́ kalẹ̀ láti kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe lè fi sóyà se oúnjẹ ilé: kí a pò ó mọ́ ògì, kí a fi ṣe irú, kí a fi ṣe wàrà.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹ tún rántí bàbá wa John Wesley. Ní ọdún 1735, nígbà tí òun àti Charles àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹran àti wáìnì sílẹ̀, ìrẹsì àti bísíkíìtì ni wọ́n ń jẹ jù lọ. Kò sọ ọ́ di òfin fún wa, èmi náà kò sì sọ ọ́ di òfin. Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn ará Róòmù pé kí ẹni tó ń jẹ ẹran má ṣe gan ẹni tí kò jẹ ẹ́, kí ẹni tí kò jẹ ẹ́ má sì ṣe dá èkejì lẹ́jọ́. Ohun tí mo ń wá ni kí àwọn méjèèjì lè jẹun papọ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ SÓYÀ

Nínú ìdá 100 ẹ̀wà sóyà gbígbẹ, bíi 36 sí 40 ni èròjà amáradàgbà. Nínú ẹ̀wà tí a ń jẹ lójoojúmọ́, ó tó bíi 23. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ fún ara wa: omi wà nínú wàrà. Gíráàmù 100 wàrà sóyà tí a tẹ̀ dáadáa lè ní bíi gíráàmù 10 sí 15, nígbà tí ẹran màlúù sísè ń ní bíi 26. Nítorí náà, ẹ gé e nípọn fún olúkúlùkù.

APÁ KÌÍNÍ: BÍ A ṢE Ń ṢE WÀRÀ

Kìlógíráàmù 1 sóyà ni a ó lò. Ó máa ń fúnni ní wàrà tó bíi kìlógíráàmù kan ààbọ̀.

1. Ṣa sóyà, fọ̀ ọ́, rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, fi ọwọ́ ra á kí èèpo lè ṣí, da èèpo nù.

2. Lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ kí ó fọ̀ ọ́ kí ó tó lọ tiyín, nítorí ata tó kù nínú ẹ̀rọ á ba wàrà jẹ́.

3. Pò ó mọ́ omi bíi lítà 8, fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ, fún un gbẹ. Ẹ má da èérí rẹ̀ nù. Ẹ lè pò ó mọ́ ẹ̀wà fi dín àkàrà, tàbí kí ẹ sè é fún adìyẹ.

4. Gbé omi wàrà náà kaná nínú ìkòkò ńlá. Ẹ má kúrò níbẹ̀, nítorí ó ń ru sókè lójijì bíi mílíìkì. Fi ọmọrogùn rò ó. Lẹ́yìn tí ó bá hó, jẹ́ kí ó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 20. Sóyà tí kò jinná ń da inú rú, kì í sì í ṣe ara lóore.

5. Da omi ògì kíkan tí ó ti tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta sí i díẹ̀díẹ̀, bíi lítà 1. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà dára. Bí ẹ bá rí i tí ó ń ṣù, tí omi abẹ́ rẹ̀ sì ń mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Àwọn mìíràn ń lo álọ́ọ̀mù. Bí ó bá pọ̀ díẹ̀ báyìí, wàrà á korò, nítorí náà omi ògì ni mo fara mọ́.

6. Dà á sínú asẹ́, dì í, gbé òkúta fífọ̀ lé e fún wákàtí méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà yìí ni èmi fi ojú kékeré wò nígbà àkọ́kọ́. Mo kánjú, mo tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ kan oúnjẹ náà, ó fọ́ yángá. Ọmọ-ọmọ mi kan wò ó, ó ní, "Màmá àgbà, ẹran yín ti di gàrí." Ọpẹ́lọpẹ́ pé oṣù Kọkànlá ni mo dán an wò. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi ọjọ́ ọdún dán ohun tuntun wò.

APÁ KEJÌ: BÍ A ṢE Ń SUN ÚN

Ohun èlò fún ènìyàn 8 sí 10:

Wàrà sóyà títẹ̀, kìlógíráàmù 1
Ẹ̀gúsí lílọ̀, agolo mílíìkì kékeré 2
Búrẹ́dì gbígbẹ tí a rún, agolo mílíìkì kékeré 2
Olú gbígbẹ, ẹ̀kúnwọ́ 2
Alùbọ́sà ńlá 2, ata rodo bí ẹ bá ti fẹ́ ẹ, atalẹ̀ díẹ̀
Irú, ṣíbí ìjẹun 2
Ewé ẹfinrin díẹ̀
Òróró, ṣíbí ìjẹun 3
Iyọ̀, ṣíbí tíì 1

Rẹ olú sínú omi gbígbóná, fọ̀ ọ́ kí yanrìn kúrò, gé e wẹ́wẹ́. Ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má já olú tí ẹ kò mọ̀ nínú igbó, ó lè pani.

Din alùbọ́sà, olú, irú, atalẹ̀ àti ata nínú òróró títí yóò fi ta sánsán. Fi ọwọ́ rún wàrà, da ẹ̀gúsí, búrẹ́dì, ẹfinrin, iyọ̀ àti ohun tí ẹ dín sí i. Pò ó pọ̀ dáadáa. Ẹ̀gúsí ni yóò so ó pọ̀ nígbà tí iná bá kàn án. Irú àti olú ti ní adùn tó, kò nílò kí a tún da mágì lé e.

Fi ewé eéran tẹ́ inú páànù kéèkì, ki àpòpọ̀ náà mọ́lẹ̀ gírígírí, fi ewé bò ó. Sè é lórí omi bí a ti ń se ọ̀ọ̀lẹ̀, fún wákàtí 1. Jẹ́ kí ó tutù díẹ̀, kí o tó yọ ọ́.

Ó kù kí a sun ún. Ẹni tó ní ọ́fúnù, ó yá. Ẹni tí kò ní, kí ó rántí ọ́fúnù ìkòkò tí a fi ń ṣe kéèkì nígbà tí a wà ní iléèwé. Da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin ńlá, kí ó ga tó ìka mẹ́ta, dé e, gbé e kaná fún ìṣẹ́jú 20 kí yanrìn lè gbóná. Fi òróró tí a pò mọ́ ata lílọ̀ pa gbogbo ara oúnjẹ náà, gbé e padà sínú páànù, gbé páànù lé orí yanrìn. Dé ìkòkò, kó ẹ̀yín iná sórí ìdérí rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, tún fi òróró àti ata pa á, kí o sì dé e fún ìṣẹ́jú 20 mìíràn. Ara rẹ̀ á pọ́n, á sì le díẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí èéfín má baà kún ilé, kí ẹ sì má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí o tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ó bá ìrẹsì àti ata díndín mu, ó sì bá iyán àti ẹ̀fọ́ lọ.

ÌKÌLỌ̀ DÍẸ̀

Oúnjẹ ni mo kọ́ yín, kì í ṣe oògùn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ tìtorí èyí ṣíwọ́ oògùn rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn, kí ó bi dókítà léèrè kí ó tó jẹ ẹ́ púpọ̀. Sóyà kò bá ara àwọn kan mu: bí ara bá ń yún yín tàbí ètè wú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà màlúù sílẹ̀ pátápátá, kí ó mọ̀ pé fítámì B12 kò sí nínú ẹ̀wà. Ó ní láti wá a níbòmíràn, pẹ̀lú ìmọ̀ràn ilé ìwòsàn.

ÌPARÍ

Kérésìmesì ọdún tó tẹ̀ lé e, mo gbé oúnjẹ yìí kalẹ̀ sáàárín tábìlì, lórí àwo tí a máa ń gbé ẹran lé. Adìyẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Mo gbé ọ̀bẹ fún bàbá. Wọ́n dìde dúró, wọ́n gé e, wọ́n fún mi ní tèmi, wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ-ọmọ níkọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà dé orí kékeré, bí baba ilé ṣe ń pín ẹran ọdún láti ìgbà àwọn baba wa. Èyí tó pè é ní gàrí nígbà kan wá gba ẹ̀ẹ̀kejì. Bàbá kò wọ yàrá lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹran ni wọ́n pàdánù lọ́dún tó kọjá, bí kò ṣe ipò wọn nídìí tábìlì. Ẹ wo ilé yín lọ́dún yìí. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà tí eyín rẹ̀ ti tán ni, tàbí ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún, tàbí opó tí kò rí owó adìyẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwé Òwe ti kọ́ wa pé ewébẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ sàn ju màlúù àbọ́pa pẹ̀lú ìkórìíra lọ. Àfikún tèmi ni pé kí a ṣe ewébẹ̀ náà kí ó dùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni ó ń jókòó bí àlejò nídìí tábìlì ọdún nínú ilé rẹ? Kí ni o lè sè fún un?
2. Kí ni ìdí tí Dáníẹ́lì fi bẹ̀bẹ̀ fún ewébẹ̀? Ǹjẹ́ ìdí tiwa gbọ́dọ̀ bá tirẹ̀ mu?
3. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè ran arábìnrin tó fẹ́ yá owó ọdún lọ́wọ́, láìdójú tì í?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà mẹ́rin, kí wọ́n jùmọ̀ ra sóyà, kí wọ́n sì ṣe wàrà papọ̀ kí oṣù Kọkànlá tó parí. Ẹ gbé díẹ̀ lọ fún àwọn opó àti àwọn aláìsàn inú ìjọ. Olúwa yóò jẹ́ kí a ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.