Ibo Ni Kí N Gbé Orin Mi Sí?

ÌBÉÈRÈ: Mo ti gba orin mẹ́ta sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan. Ibo ni kí n gbé wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì?
Akọrin, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú orí ire. Ohun tí ẹ ń wá ló máa sọ ibi tí ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ yín ni, Audiomack ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé orin síbẹ̀, wọn ò sì fi gbèdéke sí iye orin tí ẹ lè gbé síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ títà ni, Bandcamp á jẹ́ kí ẹ fúnra yín dá iye lé orin yín. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ.

Spotify kì í gba orin tààrà lọ́wọ́ akọrin. Alágbàtà bíi DistroKid tàbí TuneCore ló máa bá yín gbé e débẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ibi yòówù kí ẹ yàn, ẹ tọ́jú fáìlì WAV yín síbi méjì. MP3 máa ń gé lára àwọn ohùn wínníwínní, bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kúrò, ohun tó bá sì ti gé kì í padà.