Ta Ló Sọ fún Yín Pé Bísí Kì Í Ṣe Orúkọ Ọkùnrin?

Àkànní, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ìwọ náà, ìyàwó mi, rọra gbé ọmọ fún mi, kí o jókòó, kí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ mi dáadáa. Mo ti ń panu mọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu yín lánàá kò ṣeé dákẹ́ sí. Ọ̀tunla ni ọmọ yóò pé ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ. Ọkọ ń ka orúkọ òyìnbó lórí fóònù, ó ní Jordan, ó ní Riley, ó ní òun ń wá orúkọ tó bá ọkùnrin mu tó sì bá obìnrin mu, pé òun ló wà lóde báyìí. Ìyàwó ní Ọlábísí tí bàbá ọkọ òun, ẹ̀gbọ́n mi, fi ránṣẹ́ láti ilé dára, ṣùgbọ́n pé orúkọ obìnrin ni, pé àwọn ọmọ Nyanya yóò fi ọmọkùnrin òun ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ò rí i ni? Ohun tí ọ̀kan ń wá kiri ni èkejì ń lé dànù.

Ìyàwó mi ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Ta ló sọ fún ẹ pé Bísí kì í ṣe orúkọ ọkùnrin? Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1979, Bísí Ọnàbánjọ ni wọ́n dìbò yàn ní gómìnà Ògùn, Bọ́lá Ìgè ni wọ́n yàn ní Ọ̀yọ́. Bísí àti Bọ́lá, nínú ẹgbẹ́ UPN kan náà, lẹ́yìn Awólọ́wọ̀! Ọkùnrin gidi ni àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí orúkọ wọn rú lójú. Ọlábísí tí ò ń sá fún yìí gan-an ni orúkọ Ọnàbánjọ ní kíkún, òun ni wọ́n kọ sára yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti ọdún 2001. Ẹ tún wo Bísí Àkàndé, tó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003. Adébísí ni òun ń jẹ́. Àkàndé tó tẹ̀lé e ńkọ́? Oríkì ọkùnrin ni, a kì í fi ki obìnrin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ààrẹ tó wà ní Villa lónìí ńkọ́, ṣé Bọ́lá kọ́ ni? Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ṣe igbá-kejì ààrẹ fún ọdún mẹ́jọ nínú Àbújá yìí, Yẹmí Aládé, tó jẹ́ obìnrin, sì ń kọrin káàkiri ayé. Táíwò Akínkúnmi ló ya àsíá Nàìjíríà tí ò ń rí lórí ọ́fíìsì ìjọba láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Táíwò Àjàí-Lycett, àgbà òṣèré wa, obìnrin ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé àwọn bàbá wa kò ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin sí nínú ìsọmọlórúkọ. Wọ́n kà á sí o. Ibòmíràn ni wọ́n fi í sí. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì tó jẹ́ takọtabo. Ẹni tó bá kọjá lẹ́yìnkùlé tó rí i pé wọ́n ń dáná ìkómọ ní ọjọ́ keje ti mọ̀ pé obìnrin la bí, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu pe orúkọ. Lónìí a ti kó gbogbo wọn sí ọjọ́ kẹjọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n oríkì ṣì wà níbẹ̀. Àkànní, Àjàní, Àlàó, Àjàmú, ti ọkùnrin nìyẹn. Àbẹ̀kẹ́, Àjíkẹ́, Àṣàbí, Àyọ̀ká, ti obìnrin nìyẹn, a kì í ṣì wọ́n pè. Nígbà tí ìyá wa bá ké sí ọ ní Àkànní láti ẹ̀yìn ilé nígbà kékeré rẹ, ṣé o rántí bí o ṣe ń sáré? Oríkì ló ń sọ pé ọkùnrin ni ọ́. Orúkọ àbísọ, ìròyìn ilé ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, ohun tí a tọrọ, ohun tí a gbà.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Babátúndé kò ṣeé sọ obìnrin, Yétúndé kò ṣeé sọ ọkùnrin, ọkùnrin ni a sì sábà ń fi Akin sọ. Ìgékúrú náà ti ń ya àwọn kan sọ́tọ̀: ẹni tó bá gbọ́ Kúnlé, ọkùnrin ló ń retí, ẹni tó bá gbọ́ Kẹ́mi, obìnrin ló ń retí. Bí ẹnu ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù rẹ ti wá, ìyàwó mi, n kò bá ọ wí lórí ìyẹn. Nyanya lẹ ń gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣètò ibẹ̀ fún nígbà tí wọ́n ń kọ́ Àbújá, kò sì sí ẹ̀yà tí kò sí níbẹ̀ lónìí: Gbagyi tó ni ilẹ̀, Haúsá, Ìgbò, Tiv, Ìdómà. Ẹ jọ ń jí, ẹ jọ ń wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Kúgbo. Ẹni tó bá ti mọ Àmínù sí ọkùnrin, tó mọ Àmínà sí obìnrin, ó lè béèrè pé èwo ni Bísí. Àwa Yorùbá náà ti gba irú rẹ̀ mọ́ra, a ní Ràṣídì, a ní Ràṣídátù, a ní Joseph, a ní Josephine. Ìgbà tí irú orúkọ báyìí pọ̀ láàrin wa la bẹ̀rẹ̀ sí í bi orúkọ tiwa ní ohun tí a kò bi í rí. Ìgbò tó wà ní yàrá kejì yín lè ní Uche tàbí Ifeanyi nílé, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, àwọn òbí kan ní láti gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè wọn kí wọ́n tó gbà fún wọn ní 2008 pé kí ọmọ wọn obìnrin máa jẹ́ Kiran, orúkọ Íńdíà tí kò fi akọ tàbí abo hàn. Ohun tí àwọn yẹn pẹjọ́ lé lórí, ọ̀fẹ́ ni tìrẹ, ìwọ sì ń sá fún un!

Àkànní, ó kàn ọ́. Riley yẹn, kí ló mọ̀ nípa ilé wa? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ọlá ni tiwa, Ọlá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tìrẹ, òun ló bẹ̀rẹ̀ ti àwọn àbúrò rẹ. Ẹ bí àkọ́bí yín, ẹ dúró, ẹ retí, a gbààwẹ̀, a sunkún, ìyàwó mi mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí ìròyìn dé ilé pé ọmọ dé, bàbá rẹ ní ọlá tún ti bí sí i. Ohun tó sọ gan-an ló fi sọmọ lórúkọ. Ṣé o fẹ́ kí n padà lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé o rí Jordan lórí fóònù?

Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì NPC láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, Ọlábísí ni kí ẹ kọ, ní kíkún, bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó wà lórí NIN rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí ilé ìwé rẹ̀ títí ayé. Àyè wà lórí fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n ti ń kọ akọ tàbí abo, ẹ má gbé iṣẹ́ yẹn lé orúkọ lórí. Ọ̀fẹ́ sì ni ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí ẹnikẹ́ni má gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́ ọ ní ìtàn orúkọ rẹ̀ kí ó tó mọ̀wé kà, kí òun fúnra rẹ̀ lè sọ ọ́ fún ọmọ kọ́ọ̀kan tó bá béèrè.

Ó yá, Àkànní, pe bàbá rẹ kí ó tó sùn. Sọ fún un pé ẹ ti gba orúkọ náà, kí o sì bi í ní oríkì tí yóò fi ki ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàní ni mo ti ń kì í níbi ìwẹ̀ láti ọjọ́ tí mo dé. Ìyàwó mi, ìwọ náà pe ilé bàbá rẹ, kí wọ́n mú orúkọ tiwọn wá. Wọn kò gbọdọ̀ jókòó níbi ìkómọ láìní ohun tí wọn yóò pe ọmọ wọn, kí wọ́n sì wá tòun ti owó tí wọn yóò sọ sínú àwo omi.