Afẹ́fẹ́ Tí Ẹ́ńjìnnì Ń Mí Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Dúró

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ìyàwó mi ń ti ibi ìsìnkú kan bọ̀. Bí a ti ń rọra sọ̀kalẹ̀ láti òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí a fi ń fún ọkọ̀ níná, ẹ́ńjìnnì sì kú. Lójú kan náà ni ìdarí ọkọ̀ wúwo mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo sì tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti le bí òkúta. Ọlọ́run ló yọ wá. Ṣáájú ọjọ́ náà, mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó sì ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, ṣùgbọ́n àrùn náà kò lọ.

Nítorí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi tí ọkọ̀ yín ń dàgbà pẹ̀lú yín, ni mo ṣe kọ ohun tí mo kọ́ níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ òde òní tí ń lo bẹntiróò, ẹsẹ̀ wa kì í ṣí epo. Afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣí ọ̀nà fún. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó ń wọn epo tí yóò bá afẹ́fẹ́ náà mu, nǹkan bíi gíráàmù 1 epo sí gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́. Ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ yìí ni à ń pè ní throttle body. Irin pẹlẹbẹ róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí ń yí bí ilẹ̀kùn: bí a bá tẹ ẹsẹ̀, ó ṣí, bí a bá gbé e, ó padé.

Ṣùgbọ́n bí ó bá padé pátápátá, kí ni ẹ́ńjìnnì yóò máa mí? Nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílóò, ó ṣì ń yí tó ìgbà 600 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ọkọ̀ tí ó ń lo okùn irin láti ibi ẹsẹ̀, ihò tóóró kan yí ilẹ̀kùn náà ká, kọ̀ǹpútà sì ń fẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó fún un. Nínú ọkọ̀ tuntun, ẹ̀rọ kékeré tí iná ń yí ni ó ń mú ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ yà díẹ̀. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹrù ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i, a ó sì fi afẹ́fẹ́ kún un kí ó má bàa kú.

Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ wa da ife omi dé, ó fi bébà pélébé kan bo ẹnu rẹ̀, omi kò sì dà. Mo gba máàkì nínú ẹ̀kọ́ agbára afẹ́fẹ́ yẹn, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún ogójì ọdún! Ẹ́ńjìnnì ń fà, afẹ́fẹ́ òde sì ń ti ara rẹ̀ gba àlàfo tóóró náà wọlé. Ìfàmọ́ra kan náà ni ó ń ran ẹsẹ̀ wa lọ́wọ́ lórí bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì fi le nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú.

Oruku òróró láti inú ẹ́ńjìnnì a máa lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn náà, a di ìdọ̀tí dúdú. Lójú ọ̀nà jíjìn, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ìdọ̀tí kò ṣe nǹkan. Ní ìkóríta, ó fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Abájọ tí ọkọ̀ mi fi ń sáré dáadáa títí dé Ọ̀yọ́, tí ó sì ń kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Mẹkáníìkì kejì tú ọ̀pá afẹ́fẹ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó fi hàn mí. Oògùn ìfọ̀ àti aṣọ múlọ́múlọ́ ni ó lò. Ó kìlọ̀ pé kí n má ṣe fi ìka ti ilẹ̀kùn irú èyí tí iná ń yí, kí ẹnikẹ́ni má sì yí ìdè tí ó dá a dúró láti fi gbé sílóò sókè. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, kọ̀ǹpútà ní láti tún ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn ìfọ̀. Bí sílóò bá sì ga jù, kí a wo rọ́bà tí ó ya, tí ń gba afẹ́fẹ́ tí a kò wọ̀n wọlé.

Owó tí ó gbà kò tó ìdá mẹ́wàá owó pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù àtijọ́ náà, tí kò ní àrùn kankan, ṣì wà nínú àpótí lẹ́yìn ilé mi.