Àkàbà Tó Ń Yọ̀ Lára Ògiri: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Ìṣirò Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ wa ní Adó-Èkìtì, ní Ìyìn, ní Ìgèdè àti ní Ìjerò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ. Òun ni ti àkàbà tó fara ti ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń yọ̀ kúrò nídìí ògiri. Kò sí olùkọ́ ìṣirò tí kò ní kọ́ ọ, àmọ́ púpọ̀ nínú wa ló ń fi ìkánjú gbà á kọjá. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti dá ọmọ tí òfin Pythagoras yé mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tó kàn há a sórí.

Òfin náà fúnra rẹ̀ kò le. Bí onígun mẹ́ta bá ní igun kan tó jẹ́ 90 dígírì, síkúyà ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù yóò dọ́gba pẹ̀lú síkúyà ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù tí a rò pọ̀. Ògiri ni ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀ ni ìkejì, àkàbà ló dábùú láàárín wọn. Ohun tó ń rú ọmọ lójú ni pé nǹkan ń rìn. Ó rí orí àkàbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sún síwájú, kò wá mọ èyí tí òun ì bá dì mú. Ẹ fi ohun tí kò yí padà hàn án, ìyẹn gígùn àkàbà. Onígun mẹ́ta ti àárọ̀ yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n àkàbà kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ọmọ tó bá ti rí èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́.

Ẹ má ti orí bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú rúlà onímítà kan tí a fi ń fa ìlà, 100 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbé e ti ògiri kíláàsì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi 28 jìnnà sí ògiri, kí ọmọ kan fi bàtà dènà rẹ̀ kó má baà yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ ní kí ẹlòmíì wọn ibi tí orí rẹ̀ kàn. Yóò bá 96. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ wá bi kíláàsì pé: bí a bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé 60, ìyẹn 32 sí i, èló ni orí rẹ̀ yóò fi wálẹ̀? Ẹ dákẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ọ̀pọ̀ yóò pariwo pé 32. Ẹ fà á. Orí rúlà yóò dúró sí 80. 16 péré ló fi wálẹ̀. Ẹ tún fà á dé 80, ìyẹn 20 sí i. Orí bọ́ sí 60, 20 náà ló fi wálẹ̀, àwọn tó pariwo lẹ́ẹ̀kan yóò sì rò pé àwọn ti gbà á. Ẹ wá fà á dé 96, 16 péré sí i. Orí já bọ́ sí 28. 32 ló fi já! Kíláàsì á pa rọ́rọ́.

Kí ìyanu yẹn tó tán lójú wọn ni kí ẹ mú ìṣirò wọlé. 28 lọ́nà 28 jẹ́ 784, 96 lọ́nà 96 jẹ́ 9,216, àpapọ̀ wọn jẹ́ 10,000, tíí ṣe 100 lọ́nà 100. Fún 60 àti 80, 3,600 àti 6,400 ni, 10,000 náà ló já sí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí i, tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ̀n ọ́n, kò ní bá òfin náà jà mọ́.

Bí wọ́n bá bi yín pé kí ló fà á, ẹ sọ ọ́ báyìí: nígbà tí àkàbà ṣì dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ ló ń rìn ju orí lọ, nígbà tó bá ti ń dùbúlẹ̀, orí ló ń sáré. Ìgbà tí ẹsẹ̀ àti orí bá jìnnà sí igun ògiri bákan náà ni ìrìn wọn ń dọ́gba. Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ń fi àkàbà kun ilé. Àkàbà 25 ẹsẹ̀ bàtà tí ìdí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 6 jìnnà sí ògiri, bó bá yọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, díẹ̀ lé ní íǹṣì 3 ni orí rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá jìnnà tó 20, ìyọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 1 yẹn kan náà yóò mú orí rẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 17. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń sọ pé bí a bá gòkè ní 4, kí ìdí àkàbà jáde ní 1.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ wọn ní Further Mathematics, ẹ gbé e síwájú díẹ̀. Ìyára orí àkàbà ni ìyára ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a fi ìjìnnà ẹsẹ̀ sí ògiri sọ di púpọ̀, tí a wá fi gíga orí pín. Bí gíga bá ti ń sún mọ́ òdo, ìdáhùn á máa ga títí láìlópin. Ọmọ tó bá ní làákàyè yóò bi yín bóyá àkàbà lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má lé e dànù. Ẹ sọ fún un pé orí àkàbà gidi yóò ti fi ògiri sílẹ̀ kó tó kan ilẹ̀, nígbà yẹn ògiri kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, òfin tí a gbé ka ògiri kò sì de àkàbà mọ́.

Ẹ wá wo ìwé ìdáhùn wọn. Ìbéèrè náà lọ báyìí: àkàbà 25 ẹsẹ̀ bàtà, ìdí rẹ̀ fi 7 jìnnà sí ògiri, orí rẹ̀ wá yọ̀ wálẹ̀ ní 4, èló ni ìdí rẹ̀ fi sún? Ọmọ kan á kọ 4, nítorí ó rò pé orí àti ìdí jọ ń rìn. Òmíràn á mú 4 tó yọ̀ yẹn, á fi ṣe ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta, á sì yọ 16 kúrò nínú 625. Èyí ló burú jù lójú mi, torí pé ó fi hàn pé ọmọ náà kò ya àwòrán kankan. Ẹ ní kó yà á lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán kan fún ìṣáájú, ìkejì fún ìgbẹ̀yìn, kí gíga àkọ́kọ́ jẹ́ 24, kí ti ìkejì jẹ́ 20. 625 tí a yọ 400 nínú rẹ̀ jẹ́ 225, ìdí àkàbà wà ní 15. Ẹlòmíì á dé ibí yìí, á kọ 15, á fa ìlà sí i nídìí. Ẹ sọ fún un kó padà ka ìbéèrè. Ibi tí ìdí àkàbà wà kọ́ ni wọ́n bi í, bí ó ṣe sún ni: 15 tí a yọ 7 nínú rẹ̀, 8.

Ohun kan wà tí ìwé kì í sọ fún ọmọ Adó. Ìlú wa kò tẹ́jú. Ẹni tó bá ń gòkè lọ sí Ilé Ìjọba ní Òkè Ayọba mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ wa sì wà lórí ìdagẹ̀rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, ògiri dúró ṣánṣán, àmọ́ igun tí òun àti ilẹ̀ ṣe kì í ṣe 90 mọ́, òfin Pythagoras kò sì ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán igun wò bí bíríkìlà ṣe ń dán an wò nígbà tó bá ń fa okùn fáńdéṣọ̀n: ẹ wọn 3 sórí ilẹ̀, 4 sára ògiri, kí ẹ ta okùn láàárín wọn. Bó bá jẹ́ 5 gẹ́lẹ́, ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá lé ní 5, ilẹ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ògiri. Bí kò bá pé 5, ó ń gòkè. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo bíríkìlà níbi tí wọ́n bá ti ń gbé ilé sókè lọ́nà Ìwòròkó. Bàbá ẹlòmíì nínú wọn lè jẹ́ bíríkìlà, orí ọmọ náà á wú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé ìbéèrè oyìnbó ni. Ní Bábílónì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Iraq lónìí, wọ́n kọ ọ́ sára amọ̀ ní ohun tó lé ní 3,500 ọdún sẹ́yìn, ṣáájú kí wọ́n tó bí Pythagoras rárá. Amọ̀ náà wà ní British Museum ní London, nọ́ńbà rẹ̀ ni BM 85196. Igi kan tó gùn ní 30 dúró ti ògiri ṣánṣán, orí rẹ̀ wá yọ̀ wálẹ̀ ní 6. Èló ni ìdí rẹ̀ fi jáde? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é. 30 di 24, 900 tí a yọ 576 nínú rẹ̀ jẹ́ 324, ìdáhùn jẹ́ 18. Ohun tí akọ̀wé Bábílónì kọ náà nìyẹn.

Èkìtì ń yangàn pé ilẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni wá, Christ's School tó ti wà ní Adó láti 1933 sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Irú kíláàsì tí mo ń wí yìí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti ń jáde. Mo bẹ̀ yín, bí sílábọ́ọ̀sì bá ń lé yín, ẹ gé ibòmíràn kúrú. Ẹ fún àkàbà yìí ní odindi píríọ́dù méjì, kí gbogbo ọmọ, títí kan èyí tó jókòó sẹ́yìn, fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa rúlà náà lẹ́ẹ̀kan.